Àrán Tí Olè Fowó Rà

Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ta ni kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn? Ibi tí wọ́n ti pa á létí mi láìpẹ́ yìí ló ń bí mi nínú: ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìfọ́n. Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ṣẹ̀wọ̀n ní Ọ̀wọ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Ó ti rán apá kan bùbá ìyá oníbàárà kan tán kí ẹnìkan tó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ìyá náà létí. Màmá dìde, ó fa aṣọ yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́, òwú ń wọ́ tẹ̀lé e, ó pòwe, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ náà fi àlùmọ́gàjí gé òwú tó kù lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò fọhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí la fẹ́ kó jẹ? Ìjọba kọ́ ọ níṣẹ́, àwa ní kò gbọdọ̀ ṣe é! Òfin ọdún 2019 tó sọ ilé iṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ti àtúnṣe ìwà ní kí wọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n tó kọ́ṣẹ́, tó sì hùwà dáadáa, ní ìwé ẹ̀rí ìwà rere bó bá ń jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí ẹ̀wọ̀n fojú burúkú wò ó. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwé kì í bá onílé sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin olórí ẹbí, ẹ lọ pàdé ọmọ yín lẹ́nu géètì, kó má dá wọlé lóru bí ẹni tó sá lẹ́wọ̀n. Ẹ mú un lọ bá ẹni tó ṣẹ̀, kó dọ̀bálẹ̀, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí bí yóò ṣe máa san ohun tó jí padà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá tó gbà á, kó máa sanwó iṣẹ́ tó bá parí fún un. Bí kò bá kọ́kọ́ fi àpótí owó lé e lọ́wọ́, n kò ní bá a jà.

Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n wa ni ilé ẹjọ́ ò tíì dá lẹ́bi rárá. Èwo ni aṣọ olè tiwọn? Adékúnlé Ajásin pàápàá, olóṣèlú ọmọ Ọ̀wọ̀, wà látìmọ́lé àwọn ológun tó gbàjọba ní ìparí 1983. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Àkùngbá ń jẹ́ lónìí. Ẹ ó ní ti òṣèlú yàtọ̀. Ó yàtọ̀ lóòótọ́, àmọ́ bó bá wù wá, a mọ bá a ṣe ń ya èèyàn kúrò lára ẹ̀wọ̀n.

Òwe yẹn wúlò fún ọmọ tí kò tíì jalè. Kẹ́rù bà á. Ẹni tó ti jìyà tirẹ̀ tán ńkọ́? Bí àrán tó fi òógùn ojú rà bá ṣì ń jẹ́ aṣọ olè, kí ló fẹ́ máa sanwó rẹ̀ fún?