Bí Ẹ̀rọ Bá Jẹ́rìí Lòdì sí Ènìyàn

Láyé àtijọ́, bí a bá fẹ́ mọ ẹni tí ó jẹ gbèsè tàbí ẹni tí ó jalè, ẹlẹ́rìí tí ó fojú rí i ni a ń pè. Lóde òní, kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù alágbèéká pẹ̀lú a máa jẹ́rìí ní kóòtù. Iye owó tí a san, ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́, àti ibi tí ènìyàn wà ní òru ọjọ́ kan, gbogbo rẹ̀ ni ó lè wà nínú ẹ̀rọ. Agbára ńlá wà lọ́wọ́ àwọn tí ń wá irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jáde tí wọ́n sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún adájọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Owó tí Ẹ̀rọ Sọ Pé Ó Dín

Ní ọdún 1999, Ilé-iṣẹ́ Pósófíìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò kọ̀ǹpútà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Horizon ní àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Fujitsu ni ó ń bójú tó o. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí wà nínú ṣọ́ọ̀bù kéékèèké, lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ará àdúgbò fọkàn tán, tí wọ́n ń ta sítáǹbù tí wọ́n sì ń san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn arúgbó. Nígbà tí wọ́n bá ṣírò owó, Horizon a máa sọ nígbà mìíràn pé owó dín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mú kọ́bọ̀. Pósófíìsì a sì di ìwé àdéhùn mú pé àwọn ni yóò san án padà. Àwọn kan ta ilé wọn. Àwọn mìíràn yá owó lọ́wọ́ ẹbí. Ọ̀pọ̀ tí ó wá ìrànlọ́wọ́ lórí tẹlifóònù ni a dá lóhùn pé àwọn nìkan ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òtítọ́.

Láàrin ọdún 1999 sí 2015, ènìyàn tí ó lé ní 900 ni kóòtù dá lẹ́bi olè jíjà, jìbìtì tàbí ìṣirò èké. Àwọn tí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n nínú wọn ju 200 lọ.

Ibi tí Ẹ̀ṣẹ̀ Wà

Ẹ̀rọ tí ó ṣìṣe kò dẹ́ṣẹ̀, nítorí pé kò ní ẹ̀rí-ọkàn. Ẹ̀ṣẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tí ó mọ̀ tí wọn kò sọ.

Lọ́nà kìíní, Pósófíìsì tí ó ní òun pàdánù owó ni ó tún ń ṣe ìwádìí, òun náà ni ó sì pe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹjọ́ náà. Àkọsílẹ̀ inú ẹ̀rọ sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ àti Fujitsu. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò rí i tú wò. Àwọn àgbà a máa wí pé agbẹ́jọ́ẹnìkandá, òṣìkà ènìyàn ni.

Lọ́nà kejì, fún ọdún púpọ̀ ni Pósófíìsì fi sẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè ti òkèèrè wọ inú ìṣirò ẹ̀ka kan. Nígbà tí ó yá, ó hàn gbangba pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́nà kẹta, ní oṣù Keje ọdún 2013, agbẹjọ́rò kan tí ń gba Pósófíìsì nímọ̀ràn kọ̀wé sí i pé onímọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí mọ̀ nípa àwọn àṣìṣe inú Horizon, ṣùgbọ́n kò sọ wọ́n fún kóòtù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún tún kọjá kí a tó dá àwọn tí ìyà jẹ láre.

Òfin ilẹ̀ náà pàápàá kò gbèjà wọn. Òfin ọdún 1984 ti pàṣẹ pé ẹni tí ó bá mú ẹ̀rí kọ̀ǹpútà wá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáradára. Ní 1999 ni àwọn aṣòfin pa àṣẹ yìí rẹ́. Lẹ́yìn náà, kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé kọ̀ǹpútà ṣe déédéé, àfi bí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn bá lè mú ẹ̀rí wá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Báwo ni onísọ́ọ̀bù kékeré kan yóò ṣe rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀?

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ọ̀gbẹ́ni Alan Bates, ẹni tí Pósófíìsì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Wales ní ọdún 2003, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, àwọn 555 sì pe Pósófíìsì lẹ́jọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Adájọ́ Fraser dájọ́ pé Horizon ní àṣìṣe tí ó lè mú kí ìṣirò owó dín. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2021, Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dá ènìyàn 39 láre. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, òfin tuntun wọ́gi lé ẹ̀bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìwádìí tí Sir Wyn Williams ṣe alága rẹ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí ènìyàn 13, ó kéré tán, ti pa ara wọn nítorí ọ̀ràn yìí. Ìdáláre kò lè jí wọn dìde.

Ojúṣe Olùwádìí

Olùwádìí tòótọ́ kì í yí ohunkóhun padà nínú ẹ̀rọ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀dà ni yóò ṣe, lórí ẹ̀dà náà ni yóò sì ti ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà a máa ṣírò ohun gbogbo tí ó wà nínú ẹ̀dà sí nọ́ńbà gígùn kan tí ó dà bí èdìdì. Bí a bá yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, nọ́ńbà náà yóò yàtọ̀. Olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ gbogbo ohun tí ó ṣe sílẹ̀, kí onímọ̀ mìíràn lè tún un ṣe kí ó sì rí èsì kan náà.

Kò gbọdọ̀ wá kọjá ohun tí a fún un láṣẹ láti wá. Ọ̀rọ̀ tọkọtaya, àìsàn, àti àṣírí ọ̀rẹ́ wà nínú tẹlifóònù kan, abala 37 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì dáàbò bo ìwé àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù ọmọ ìlú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ó gbe ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gẹ́gẹ́ bí ó ti ń sọ ohun tí ó lòdì sí i, ẹnikẹ́ni tí ì báà máa san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Ará Ìlú Lè Béèrè

Ohun tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa rẹ́ ṣì wà nínú òfin Nàìjíríà. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè pé kí a fi hàn pé kọ̀ǹpútà tí ìwé ẹ̀rí ti jáde ń ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ, ó sì fàyè gba kí ẹni tí ó wà ní ipò tí ó bójú mu fọwọ́ sí ìwé láti jẹ́rìí sí i. Ààbò ni èyí jẹ́, bí ẹni tí ń fọwọ́ sí i bá yẹ ẹ̀rọ náà wò ní tòótọ́.

Nítorí náà, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹni tí ń fi ẹ̀rọ POS san owó fún ará ìlú, àti onísọ́ọ̀bù gbogbo ní láti máa kọ ìṣirò ti ara wọn sínú ìwé lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tọ́jú rìsíìtì. Bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́rìí lòdì sí ẹnì kan, kí ó tó san owó tí kò jẹ tàbí kí ó tó gba ẹ̀bi tí kò jẹ̀bi rẹ̀, kí òun àti agbẹjọ́rò rẹ̀ béèrè ìbéèrè mẹ́ta yìí: Ta ni ó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà? Ta ni ó tún lè wọ inú rẹ̀? Ǹjẹ́ ó ti ṣìṣe fún ẹlòmíràn rí?