Ẹ̀KỌ́ WA: ÌWÉ KÓÒTÙ TÍ KÒ DÉ ỌWỌ́ ẸNI TÍ A PÈ LẸ́JỌ́

Ilẹ̀ ti di wúrà ní Mowe, Ibafo àti Ifo. Owó àjọ ọdún mẹ́ta lè bá pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí á jọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Bí a bá pe ẹjọ́ ilẹ̀, kò tíì tán síbẹ̀. Bélíìfù kóòtù gbọ́dọ̀ fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lé ẹni tí a pè lọ́wọ́, kó sì búra pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣebí agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Skenconsult àti Ukey, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀: bí ìwé kò bá dé ọwọ́ olùjẹ́jọ́ bó ṣe yẹ, òfo ni ohun tí kóòtù bá ṣe lé e lórí.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ a sì máa kú. Ní ọ̀pọ̀ Ilé Ẹjọ́ Gíga wa, oṣù 6 ló ní. Bí olùjẹ́jọ́ bá ń sá, kí lọ́yà gbàṣẹ adájọ́ láti lẹ ìwé mọ́ ara ilé rẹ̀, tàbí kó tọrọ àfikún ọjọ́. Ẹni tó sanwó lọ́yà tó wá lọ sùn, adájọ́ lè yọ ẹjọ́ rẹ̀ dànù. Kó tó ta jí, ọmọ onílẹ̀ ti tún ilẹ̀ yẹn tà, oníbàárà tuntun ti kọ́lé sí i.

Ẹ̀yin tó fẹ́ rà ńkọ́? Bí wọ́n bá ní "ẹjọ́ yẹn ti kú," ẹ má tíì tú owó. Ẹjọ́ tí wọ́n yọ torí ìwé tí kò délé, kóòtù kò tíì sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Olùpẹ̀jọ́ lè tún un pè, bí ọdún tí òfin fún un kò bá tíì kọjá.

Nítorí náà:
1. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí ẹ fi béèrè lọ́wọ́ rẹjísírà kóòtù.
2. Ẹ bi í bóyá ìbúra bélíìfù wà nínú fáìlì.
3. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, ka àṣẹ tí adájọ́ pa.
4. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ pẹjọ́, ẹ máa bi lọ́yà yín lóṣooṣù pé: "Ṣé ìwé ti dé ọwọ́ wọn?"

Ẹni tí kò kàwé lè mú ọmọ rẹ̀ dání, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ajé á bá wa gbé o.