Rírọ́, Yíyẹ̀ àti Ṣíṣẹ́: Ọ̀rọ̀ fún Ìfarapa Àwọn Agunkẹ̀kẹ́

Ẹni tí ó bá ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ ológeere a máa sáábà na ọwọ́ síwájú, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbalẹ̀. Bí ọrùn-ọwọ́ náà bá wú, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ ni pé ó rọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àpèjúwe lásán, nítorí pé ìtọ́jú ti wà nínú rẹ̀: ohun tí ó bá rọ́ ni àwọn ará ilé ń fi omi gbígbóná jó, tí wọ́n sì ń fi òróró wọ́. Bí ó bá wá ṣe pé eegun ni ó ṣẹ́, orúkọ tí wọ́n fún un ti pa aláìsàn lára kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó wà nílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí, kò sì sí ìdí láti yá òmíràn. Rọ́ jẹ mọ́ iṣan tí ó so eegun mọ́ eegun ní oríkèé, nígbà tí ó bá fà jù tàbí tí ó ya. Yẹ̀ ni kí orí eegun kúrò ní ààyè rẹ̀ ní oríkèé. Ṣẹ́ ni kí eegun fúnra rẹ̀ dá, ìbáà ṣe pé ó sán díẹ̀. (Èyí tí ó bá rún sí wẹ́wẹ́ ni fọ́ yẹ.) Oríkèé rírọ́, oríkèé yíyẹ̀ àti eegun ṣíṣẹ́ ni ọ̀rọ̀-orúkọ wọn.

Eegun kékeré kan wà ní ọrùn-ọwọ́, ní ìdí àtàǹpàkò, tí ó fi ìwúlò ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Bí ó bá ṣẹ́, ọwọ́ lè má wú púpọ̀. Àwòrán X-ray àkọ́kọ́ pàápàá lè má fi í hàn, tí dókítà yóò fi tún un yà lẹ́yìn bí ọjọ́ 10 sí 14. Ìhà kan ṣoṣo ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé. Nítorí náà, bí kò bá dúró sójú kan, apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lè kú. Ẹni tí ó bá ń jẹ̀rora nígbà tí wọ́n tẹ kòtò tí ó wà ní ìdí àtàǹpàkò, eegun ṣíṣẹ́ ni kí wọ́n kà á sí títí dókítà yóò fi sọ òmíràn.

Igi pẹlẹbẹ àti aṣọ tó láti gbé irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ dé ilé ìwòsàn. Ìdè kò gbọdọ̀ le: bí ìka bá tutù, tí ó kú tipiri tàbí tí ó yí àwọ̀ padà, kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀. Oríkèé yíyẹ̀ kì í ṣe ohun tí ará ilé ń fà bọ̀ sípò. Kódà, oríkèé rírọ́ kò fẹ́ ooru àti wíwọ́ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Omi dídì tí wọ́n fi aṣọ wé, ìsinmi àti gbígbé e sókè ni ó yẹ ẹ́.

Ti awọ tí ó bó kò le: omi mímọ́ àti ọṣẹ ni kí wọ́n fi fọ iyanrìn kúrò, kí wọ́n sì béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ìrora orúnkún kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìfarapa àṣetúnṣe ni orúkọ tí ó bá a mu, nítorí pé kò sí ìṣubú níbẹ̀. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ni ó ń fà á. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, iwájú orúnkún ni yóò máa dun ènìyàn. Bí ó bá ga jù, ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Kí agunkẹ̀kẹ́ jókòó, kí ó fi gìgísẹ̀ tẹ àtẹ̀sẹ̀ dé ìsàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọdọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí rẹ̀ yẹ̀ lórí ìjókòó.