Ẹ Wádìí Pákó Kí Ẹ Tó Fi Iná Kàn Án

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi irin gbígbóná ya àwòrán sórí pákó ní Kétu, Ìkòsì, Máìlì 12 àti káàkiri Kòsọ́fẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin òbí àti ọ̀gá tí àwọn ọmọ ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ yín. Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yìí. Owó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pọ̀, àwọn èèyàn sì ń ra ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ Alex Peter Idoko, ọmọ Nàìjíríà tó ń fi iná, abẹ àti sáńpépà gbé ojú èèyàn jáde lára pákó débi tí ẹ ó fi rò pé fọ́tò ni, yóò mọ̀ pé kì í ṣe eré ọmọdé. Ní apá àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè yìí, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi irin tó gbóná ṣe ọnà sára igbá. Nítorí náà, n kò ní kí ẹnikẹ́ni fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí ni pé kí iná tó kan pákó, kí ẹ ti mọ ibi tí pákó ọ̀hún ti wá àti ohun tí wọ́n ti fi kùn ún.

Èéfín igi ìdáná, a máa ń sá fún un. Bó bá fẹ́ sọ́dọ̀ wa, a ó dìde, a ó bọ́ sí òdìkejì. Ayàwòrán kò ráyè sá. Ó ti tẹ orí bá iṣẹ́, imú rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu irin, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ojú èèyàn kan tó jáde. Ohun yòówù kó wà lára pákó náà, ìbáà jẹ́ oògùn ikán, ìbáà jẹ́ ọ̀dà tàbí gọ́ọ̀mù, iná yóò tú u sílẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó tẹ orí ba ni yóò sì gbà á sí.

Pálẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé òun ni kò wọ́n, tó sì rọrùn láti rí. Púpọ̀ nínú àwọn pálẹ́ẹ̀tì tó ń kiri Èkó ló bá ẹrù ọkọ̀ ojú omi dé Àpápá. Láti ọdún 2002 ni àdéhùn kan ti wà láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní ISPM 15, pé igi tí wọ́n fi di ẹrù kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kí kòkòrò má baà bá a rìn. Wọ́n á wá lu òǹtẹ̀ sí i lára: àwòrán ṣírí àlìkámà kan, lẹ́tà IPPC, àti lẹ́tà méjì tó sọ irú ìtọ́jú tó gbà. Bí ẹ bá rí HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò rẹ̀. Bí ẹ bá rí MB, gáàsì methyl bromide ni wọ́n fín sí i. Májèlé ni gáàsì yẹn; ó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń ba iṣan ọpọlọ jẹ́. Pálẹ́ẹ̀tì tó bá ní MB lára, ẹ má ṣe fi iná kàn án rárá. Èyí tó ní HT sàn, àmọ́ ẹ yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa. Bí epo tàbí kẹ́míkà bá ti dà sí i lójú ọ̀nà, ooru tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ nílùú tó ti wá kò lè fọ ìyẹn kúrò. Èyí tí wọ́n kàn níbí fún iléeṣẹ́ kì í sábà ní òǹtẹ̀, torí òfin kò béèrè rẹ̀ lórí ohun tí kò ní kọjá ẹnubodè. Ẹ bi ẹni tó ń tà á léèrè ohun tí wọ́n ti fi kó. Bí kò bá lè sọ, ẹ dá owó yín dúró.

Èkejì ni pákó òrùlé ilé tí wọ́n wó. Ó máa ń gbẹ dáadáa, ó sì máa ń dán bí wọ́n bá rẹ́ ẹ, ìyẹn ló fi ń tan èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé kí káfíńtà tó gbé pákó sórí ilé nílẹ̀ wa, wọ́n á ti fi Solignum kùn ún, tàbí kí wọ́n fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú dànù pa á lára, kí ikán má baà jẹ ẹ́? Òórùn rẹ̀ ti lè lọ látọdún pípẹ́, kí oògùn náà ṣì wà nínú igi. Òpó iná NEPA tó ti wó tún burú jù ú lọ. Irú àwọn òpó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń fi creosote tàbí àpòpọ̀ bàbà, chromium àti arsenic tọ́jú. Iná kì í jẹ arsenic run; apá kan á bá èéfín lọ, ìyókù á wà nínú eérú. Nígbà tí ọdún 2003 fi máa parí, àwọn tó ń ṣe pákó alárséníìkì yìí ní Amẹ́ríkà ti gbà láti dáwọ́ títà á fún ilé gbígbé dúró, bẹ́ẹ̀ ìjókòó àti ọgbà ni wọ́n ń fi í ṣe níbẹ̀, wọn kò tilẹ̀ fi iná kàn án.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan àga àti kọ́bọ́ọ̀dù ni ẹ ti máa rí MDF àti pláíwúùdù tó ṣẹ́ kù. Ó tẹ́jú, ó mọ́, kò ní kókó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Gọ́ọ̀mù ló mú gbogbo rẹ̀ dìpọ̀, formaldehyde sì wà nínú gọ́ọ̀mù náà. Lọ́dún 2004, àjọ IARC, tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, fi formaldehyde sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn. Bí irin bá kan MDF, ojú á ta yín, ọ̀fun á máa rìn yín lójú ẹsẹ̀. Pákó tó ti ní ọ̀dà tàbí fáníìṣì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ parí yíya àwòrán ná kí ẹ tó kun fáníìṣì.

Kí wá ni kí ẹ lò? Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta pákó tútù, kí ẹ sì dárúkọ igi tí ẹ ń fẹ́. Ẹ má ní kí wọ́n kàn fún yín ní “pákó funfun”. Arère dára gan-an: ó rọ̀, ojú rẹ̀ funfun, ìlà ara rẹ̀ kò ta ko ọwọ́. Ahùn náà dára, igi àwọn agbẹ́gilére ni láti ọjọ́ pípẹ́. Mẹ̀línà wà, èyí tí wọ́n gbìn lọ súà sínú igbó Ọmọ nípìínlẹ̀ Ògùn nítorí iléeṣẹ́ ìwé Ìwópín; ojú rẹ̀ pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, iná sì máa ń hàn ketekete lára rẹ̀. Àfàrà tí kò dúdú nínú náà ṣeé lò. Lójú tèmi, mẹ̀línà ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí kì í wọ́n, kì í sì í ṣe igi tó ń jẹ irin ní ìjẹkújẹ.

Ẹ yẹra fún mansóníà, tí Yorùbá ń pè ní ọfún. Àwọn káfíńtà tó ti rẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n: ó máa ń mú èèyàn sín láìdákẹ́, ó lè mú kí imú ṣẹ̀jẹ̀, ara á máa yún, èròjà tó wà nínú rẹ̀ sì lè da ọkàn láàmú. Ìrókò lẹ́wà lára ilẹ̀kùn, àmọ́ eruku rẹ̀ máa ń fa ikọ́ fée àti ara yíyún, ojú rẹ̀ sì ti dúdú jù fún àwòrán. Ẹni tó bá mọ bí oje kajú ṣe máa ń bó ẹnu ọmọdé kò ní gbé igi kajú síwájú imú rẹ̀ kó máa sun ún. N kò sì ní tan yín pé igi rere kò ní ewu kankan: àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tí eruku arère pàápàá ti fún ní ikọ́ fée, àjọ IARC yìí kan náà sì ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ látọdún 1995. Ìta gbangba ni kí ẹ ti máa fi sáńpépà ha igi, pẹ̀lú ìbomú, kí ẹ sì fi aṣọ tútù nù ún kúrò. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ.

Pákó tó ṣì ní omi nínú máa ń tú èéfín tó pọ̀ jù, á máa ta pàrà, ó sì máa ń là lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí. Ẹ tò ó sábẹ́ òrùlé, kí ẹ fi igi pẹlẹbẹ là wọ́n láàárín kí atẹ́gùn lè kọjá, kí ẹ sì máa wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n. Ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kò bá dín mọ́ ló tó gbẹ.

Ọ̀rọ̀ irin ìyàwòrán kò ní gùn. Ọ̀pọ̀ ló ń fi irin tí àwọn atúnrédíòṣe fi ń jó lẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo irú rẹ̀, ẹ ra tuntun. Èyí tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀ ti ní lẹ́ẹ̀dì lẹ́nu, lẹ́ẹ̀dì sì jẹ́ májèlé, pàápàá fún ọmọdé. Ẹnu irin yìí lè gbóná kọjá 400 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 300 ti tó láti mú kí igi di èédú.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nípa irin náà ni ìwà iná mànàmáná wa. Ẹ ń ṣiṣẹ́ lọ, iná lọ. Ẹ gbé irin náà sílẹ̀ sórí tábìlì, sáàárín ègé pákó àti ìwé tí ẹ fi ya àwòrán, ẹ jáde lọ jẹun, tàbí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù lọ sílé. Òru ni iná dé. Irin tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, bóyá tínà àti gọ́ọ̀mù sì wà lábẹ́ tábìlì yẹn kan náà. Lásìkò ọyẹ́, gbogbo nǹkan ti gbẹ. Nínú ilé oníyàrá kọjúsími-kí-n-kọjú-sí-ọ, ìdílé mẹ́wàá lè jọ wà lábẹ́ òrùlé kan. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ní kété tí iná bá ti lọ, ẹ fa irin yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni ẹ fẹ́ tàn, ìta ni kó wà, níbi tó jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ kò lóòórùn tó lè jí ẹni tó sùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ inú yàrá lórílẹ̀-èdè yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ jókòó síbi tí atẹ́gùn ti ń wọlé tó sì ń jáde. Ẹ má kọ fáànù sí iṣẹ́ lójú, á kàn mú irin tutù ni. Ẹ kọ ọ́ síta lójú fèrèsé, kó máa fa èéfín lọ. Ìbomú aláṣọ tí a lò nígbà kòrónà kò lè gba ẹnikẹ́ni. Ìbomú N95 á gba eruku àti èérún èéfín, àmọ́ kò lè dí gáàsì, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ìbomú tó lè sọ MDF di ohun tó ṣeé sun.

Mo ti fi èyí tó burú jù dúró di ìsinsìnyí. Fídíò kan ń lọ káàkiri YouTube àti TikTok, níbi tí wọ́n ti ń tú tiransífọ́mà inú máíkírówéèfù, tí wọ́n á fi wáyà rẹ̀ kan pákó tó lómi lára, tí iná á wá máa sáré lórí pákó bí ẹ̀ka igi. Ó lẹ́wà, ikú ni. Iná ilé wa jẹ́ 230 volt. Ohun tó ń jáde lára tiransífọ́mà yẹn ń lọ sí 2,000. Ẹ̀rọ tó máa ń gé iná nínú ilé kì í rí i gé. American Association of Woodturners, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ igi ní Amẹ́ríkà, ti fòfin dè é ní gbogbo ayẹyẹ wọn látọdún 2017, wọ́n sì ti ka èèyàn tó lé ní ọgbọ̀n tó bá a lọ. Lóṣù kẹrin ọdún 2022, tọkọtaya kan kú ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ilé wọn sì jóná. Àwọn ọlọ́pàá àdúgbò sọ pé ọ̀nà yìí ló ṣeé ṣe kó fà á. Nínú àwọn tó ti kú, a rí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná dunjú. Ẹ̀yin atúnmáíkírówéèfù-ṣe tó wà ní Kétu àti Ọjọ́ta, bí ọmọ kan bá wá ra tiransífọ́mà lọ́wọ́ yín, tó ní pákó lòun fẹ́ fi í ṣe, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún un.

Bí irin bá jó yín, ẹ fi ojú ibẹ̀ sábẹ́ omi tútù tó ń ṣàn fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ sì bọ́ òrùka tàbí ẹ̀gbà ọwọ́ kí ibẹ̀ tó wú. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa, kẹrosíìnì tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Bó bá jẹ́ iná mànàmáná ló mú èèyàn, ẹ kọ́kọ́ pa iná níbi tó ti ń wá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn bó tilẹ̀ sọ pé kò ṣe òun ní nǹkan, torí inú ara ni iná ń ba jẹ́. Ilé Ìwòsàn Ìjọba tó wà ní Gbàgádà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tí iná jó, kò sì jìnnà sí Kétu. Bí iná bá ràn nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ jáde, ẹ kó àwọn ọmọ jáde, ẹ pe 767 tàbí 112, kí ẹ sì sọ orúkọ òpópónà yín àti bọ́sítọ́ọ̀pù tó sún mọ́ ọn jù.