Ẹ̀rọ orin ẹni tó ń sáré: à ń kọ́ ọ ni, à ń há a ni, àbí à ń dì í?

“Alágbèéká” ti di orúkọ gbogbo ohun kékeré tó ń lo bátìrì: kọ̀ǹpútà alágbèéká, rédíò alágbèéká, ẹ̀rọ orin alágbèéká. Ọ̀rọ̀ náà kò lábùkù, nítorí ohun tí a lè gbé káàkiri ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ẹ̀rọ orin tí yóò máa fi sáré láàárọ̀, kó má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí tan òun jẹ. Ẹni tó ń sáré kì í gbé nǹkan. Ọwọ́ méjèèjì ló fi ń sáré, ohunkóhun tó bá gbé dání yóò dí i lọ́wọ́.

Yorùbá kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ṣe iṣẹ́ yìí. À ń ru igi, à ń pọn ọmọ, à ń fi àpò kọ́ èjìká, à ń fi ìwé há abíyá. Ibi tí nǹkan wà lára wa ló ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe tó yẹ ẹ́. Nígbà tí Sony gbé ẹ̀rọ orin Walkman jáde ní Jàpáàn ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1979, ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bíi 390 gíráàmù, kásẹ́ẹ̀tì ló sì ń lò. Bẹ́líìtì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í kọ́. Ohun tí a bá fi kọ́ kò ní ṣàìmì, ẹni tó bá sì fi sáré yóò mọ bó ṣe ń lu ìbàdí. iPod shuffle tó jáde lọ́dún 2005 kò ju 22 gíráàmù lọ, síbẹ̀ ọrùn ni wọ́n ń fi í kọ́, ó sì ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó tẹ̀ lé e lọ́dún 2006 ló yí padà: ó ní ohun tí a fi ń há a mọ́ aṣọ. Láti “kọ́” sí “há”, ìlọsíwájú gidi nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni “so” àti “dì”. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ òpó ṣì ń rìn yí òpó ká, ẹrù tí a bá dì kì í mira. Fóònù tí ẹ fẹ́ fi sápá sáré, ẹ dì í, ẹ má so ó.

Ọ̀rọ̀ omi le díẹ̀. Ọlọ́jà á ní, “Omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan.” Omi wo? Omi lè ta sí nǹkan, omi lè rẹ ẹ́, nǹkan sì lè rì sómi. Bí wọ́n bá kọ àmì IPX4 sára ẹ̀rọ náà, omi tó ta sí i àti òógùn nìkan ló lè gbà. IPX7 lè rì sínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìyẹn omi tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò sí èyí nínú méjèèjì tó sọ pé ẹ lè fi í lúwẹ̀ẹ́. Bluetooth kì í sì í ríbi gbà nínú omi, nítorí náà inú ẹ̀rọ gan-an ni kí òmùwẹ̀ kó orin sí. “Kó” ni mo wí o: orin kan là ń gbé sí i, orin púpọ̀ là ń kó.

Ti bátìrì kò gba àlàyé púpọ̀. Bí iná rẹ̀ bá “tán”, ẹ ṣájì í. Bó bá “kú”, ó kú nìyẹn. Ẹni tó ń ra àlòkù kó bi ọlọ́jà léèrè èwo nínú méjèèjì.

Wàyí o, etí. Àgbàlagbà kan lè kí ọ̀dọ́ tó ń sáré kọjá pé, “O kú eré ìdárayá o,” kí tọ̀hún má dáhùn. Ohun tí àgbà yóò sọ ni pé ó kọtí ikún sí òun. Ẹ̀sùn yẹn kò tọ́. Ẹni tó kọtí ikún gbọ́, ó kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Ẹni tó ki íyápíìsì bọ etí méjèèjì kò gbọ́ rárá: etí rẹ̀ di ni. Akio Morita, ọ̀gá Sony nígbà tí wọ́n gbé Walkman jáde, ti rí ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Lójú tirẹ̀, kò bójú mu kí ènìyàn máa dá orin gbọ́, ìdí nìyẹn tí Walkman àkọ́kọ́ fi ní ihò wáyà méjì, pẹ̀lú bọ́tìnì aláwọ̀ ọsàn tó ń rẹ orin sílẹ̀ kí àwọn méjì lè sọ̀rọ̀. Lónìí, oríṣi íyápíìsì kan wà tí a kì í kì bọ etí. Iwájú etí ló ń wà, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló sì ń gbé ohùn wọlé. Èyí ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń sáré létí títì, torí fèrè ọ̀kadà kì í dúró de ẹni tí etí rẹ̀ di.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má gbọ́ ju 80 decibel lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Bí ẹ kò bá ti gbọ́ ohùn ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín mọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ohùn orin yín sílẹ̀.