Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìdarí Ẹ̀rọ Gìtá: Ọ̀nà Ìró àti Ojúlé

Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀-ìperí tí ó yẹ kí olùkọ́ àti ògbufọ̀ máa lò bí wọ́n bá ń ṣàlàyé bí onígìtá ṣe ń fi MIDI darí àwọn ẹ̀rọ tí ń yí ìró gìtá padà. Èrò wa ni pé bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo bá ń tọ́ka sí ohun méjì tí iṣẹ́ wọn yàtọ̀, kò tọ́ kí á yá a wọ inú Yorùbá lódindi. Iṣẹ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni kí á fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣánẹ́ẹ̀lì ni ọ̀rọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Gìtá oníná kì í ṣe àjèjì ní Èkó. Láti 1949 ni Àyìndé Bákàrè ti mú gìtá tí a fi ẹ̀rọ gbé ohùn rẹ̀ sókè wọ inú orin jùjú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, gìtá oníná wà lára ohun èlò tí ẹgbẹ́ Fẹlá fi ń ṣeré ní Afrika Shrine, nínú Empire Hotel ní Ìdí-Òrò, Mùṣín. Nígbà tí King Sunny Adé gbé àwo Synchro System jáde ní 1983, onígìtá pọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Démọ́lá Adépọ̀jù sì ń ta gìtá Hawaii. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pín oríṣiríṣi ìró ṣe láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ kan ní Yábàá tàbí Sùúrùlérè lónìí, ó lè jẹ́ onígìtá kan ṣoṣo ni yóò ta orin ọpẹ́ pẹ̀lú ìró tí ó mọ́ gaara, tí yóò sì bọ́ sínú orin ìjọsìn jẹ́jẹ́ tí ó ń fẹ́ gbohùngbohùn gígùn. Ó ní láti tẹ ẹ̀rọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín ìlù kan sí èkejì. Bí ìlù náà bá jẹ́ 120 ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá péré ni ó ní. Ẹsẹ̀ méjì kò lè ṣe é.

Iṣẹ́ tí MIDI ń jẹ́

Ní oṣù kìíní ọdún 1983, níbi ìpàtẹ NAMM ní Califọ́níà, ni a ti so Prophet-600 ti Sequential pọ̀ mọ́ Jupiter-6 ti Roland, tí ọ̀kan sì darí èkejì. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni a tẹ àdéhùn MIDI jáde.

Ohun tí òǹkàwé ní láti kọ́kọ́ mọ̀ ni pé MIDI kì í gbé ìró. Okùn gìtá ni ó ń gbé ìró. Okùn MIDI ń gbé àṣẹ. Bí ìyáàlù bá pè, omele a yí ìlù padà. Báyìí ni adarí MIDI ṣe ń pe àwọn ẹ̀rọ yòókù. Ṣùgbọ́n àfiwé yìí ní ààlà: ìyáàlù fúnra rẹ̀ ń dún, MIDI kì í dún rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe okùn MIDI ní okùn ohùn ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà.

Bíìtì 31,250 ni MIDI ń fi ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Báìtì kọ̀ọ̀kan ń gba bíìtì 10 lórí okùn: mẹ́jọ fún iṣẹ́ náà, ọ̀kan fún ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan fún òpin. Àṣẹ ìpààrọ̀ ètò jẹ́ báìtì méjì. Kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó dé. Báìtì kìíní ń sọ irú àṣẹ tí ó jẹ́ àti ẹni tí a rán an sí. Èkejì ń sọ nọ́ńbà ètò. Bí àṣẹ bá dé inú adarí, ríléè, èyíinì ni súìṣì tí iná ń ṣí tí ó sì ń tì fúnra rẹ̀, yóò jẹ́ kí ìró gba inú àfẹsẹ̀tẹ̀ kan kọjá tàbí kí ó yà á sílẹ̀.

Ọ̀nà ìró àti ojúlé

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ agbóhùnsókè ní ọ̀nà méjì tí ìró lè gbà: ọ̀kan ń mú kí ìró mọ́, èkejì ń mú kí ó há. Gẹ̀ẹ́sì pe ìwọ̀nyí ní ṣánẹ́ẹ̀lì. MIDI náà ní ṣánẹ́ẹ̀lì 16, ṣùgbọ́n ìró kankan kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ jẹ́ kí á fi òpópónà kan ní Mùṣín tí ó ní ojúlé 16 ṣe àpẹẹrẹ. Òjíṣẹ́ ń kọjá lọ, ó ń kígbe iṣẹ́ tí a rán an, ó sì ń dárúkọ ojúlé tí ó ni iṣẹ́ náà. Gbogbo ilé ni ó gbọ́, ṣùgbọ́n ojúlé tí a dárúkọ nìkan ni ó ń dáhùn. Nítorí èyí ni a fi dábàá *ọ̀nà ìró* fún ti ẹ̀rọ agbóhùnsókè, àti *ojúlé* fún ti MIDI.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Bí ìwé ìlò ẹ̀rọ bá wí pé, “Yí ṣánẹ́ẹ̀lì sí 2,” onígìtá tí ó bá yí ojúlé adarí rẹ̀ padà sí 2 yóò rí i pé àwọn ẹ̀rọ tí ó wà ní ojúlé 1 kò dá a lóhùn mọ́. Ìró híhá tí ó ń wá kò sì ní jáde.

Òǹkà láti òdo

Nọ́ńbà ètò jẹ́ 128, láti 0 dé 127. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ kan ń kọ ọ́ sójú wọn láti 1 dé 128. Bí adarí tí ó ń kà láti 1 bá pe ètò 5, ẹ̀rọ tí ó ń kà láti òdo yóò gbé ètò tí ó kọ 4 sí lára jáde. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ kò ní irú òye bẹ́ẹ̀. Bí a ti rán an ni yóò jẹ́ ẹ. Èdè wa ní ohun tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín: kí á máa lo *ètò kìíní, ètò kejì* fún ipò tí ètò wà, kí á sì máa lo *nọ́ńbà òdo, nọ́ńbà 1* fún ohun tí a fi ránṣẹ́. Ètò kìíní ni ó ń jẹ́ nọ́ńbà òdo.

Títàn, pípa àti ìyídà

Àṣẹ ìdarí jẹ́ báìtì mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ ti títàn àti pípa, 0 sí 63 dúró fún pípa, 64 sí 127 fún títàn. Àṣẹ kan tún wà tí kò sọ bóyá kí á tàn tàbí kí á pa; ó kàn ní kí ẹ̀rọ yí padà sí òdìkejì ipò tí ó wà. Èyí ni a pè ní *ìyídà*. Ewu rẹ̀ hàn nígbà tí iná bá lọ tí a sì tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè lè padà sí ọ̀nà ìró àkọ́kọ́, nígbà tí adarí ṣì rò pé èkejì ni ó wà. Láti ìgbà náà, gbogbo ìyídà yóò máa já sí òdìkejì ohun tí a fẹ́. Ògbufọ̀ kò gbọdọ̀ fi *tàn* túmọ̀ ìyídà.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìwọ̀nyí:

Àfẹsẹ̀tẹ̀: ẹ̀rọ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ìró padà.
Adarí: ẹ̀rọ tí ó ń ṣètò àwọn yòókù.
Ọ̀nà ìró: ibi tí ìró ń gbà nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè.
Ojúlé: nọ́ńbà tí a fi ń mọ ẹ̀rọ tí a rán iṣẹ́ MIDI sí.
Àbáwọlé, àbájáde, àtagbà: ihò tí àṣẹ ń gbà wọlé, èyí tí ó ń gbà jáde, àti èyí tí ó ń fi ohun tí ó wọlé ṣọwọ́ sí ẹ̀rọ tí ó kàn.
Ìyídà: yíyí sí òdìkejì.

Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní gbólóhùn náà, “Yí ṣánẹ́ẹ̀lì sí 2,” kí ó ní kí wọ́n kọ ọ́ ní ọ̀nà méjì, kí wọ́n sì sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ìró lọ́nà kọ̀ọ̀kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe é bí ó ti yẹ ti mọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú.