Ẹ Lọ Bá A Lójú Oorun

Ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò tòkunbọ̀ ní páàkì ìtòsí èbúté Lomé, òwe yìí ni kó kó sápò kó tó kó owó. Mọ́tò tó sùn, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, ló ń lọ jí. Bó bá débẹ̀ tó rí i pé wọ́n ti jí i sílẹ̀ dè é, kó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan máa pirọrọ, kì í sì í ṣe mọ́tò. (Ẹni tó fẹ́ wà á gba Hilla-Condji lọ sí Èkó ńkọ́? Láti 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de gbígbé mọ́tò wọlé láti ibodè orí ilẹ̀. Ará Lomé àti Kútọnu ni mò ń bá sọ̀rọ̀.)

Òtútù tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti Lomé. Kódà nígbà ọyẹ́, ìdájí ìlú yìí kì í sábà wá sílẹ̀ ju 20 °C lọ. Ẹ wo ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀ ná. Ní Jámánì, láti 1997 ni ẹni tó bá fẹ́ ti lè gba nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n kọ oṣù sí lára, bí i oṣù kẹrin sí ìkẹwàá. Tí oṣù yẹn bá ti parí, inú ilé ni ọkọ̀ yóò wà títí òtútù á fi kọjá. Oorun oṣù márùn-ún nìyẹn. Bí wọ́n bá wá tà á, á tún sùn ní èbúté Antwerp, á sùn lórí òkun, á sì bá oorun lọ nínú atẹ́gùn oníyọ̀ Lomé títí oníbàárà á fi yọjú. (Àwọn Jámánì náà ló kọ́ afárá ìkẹ́rù sínú òkun Lomé ní 1904. Ó jọ pé wọn ò tíì já ẹrù wọn tán.)

Bí ẹ́ńjìnnì bá sùn pẹ́, ọ́ìlì tó wà lókè á ti ṣàn sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, irin á wá máa wo irin lójú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣáná sí i, irin á fi ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ gbo irin kí ọ́ìlì tó gòkè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ibẹ̀ ni ariwo ti ń wá. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ má tẹná mọ́ ọn pé kó lè dákẹ́. Ẹ dúró, kí ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá.

Kẹ́-kẹ́-kẹ́ láti òkè, bí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó sì dákẹ́ kí ìṣẹ́jú kan tó pé: tápẹ́ẹ̀tì tí ọ́ìlì ti jò kúrò nínú rẹ̀ ni. Ó ń nara ni. Fíìn-ín jẹ́ ti bẹ́líìtì, owó rẹ̀ ò tó nǹkan.

Wàrà-wàrà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ṣéènì inú ẹ́ńjìnnì ni. Ọ́ìlì ló ń ti ohun tó ń mú ṣéènì le, bí ọ́ìlì ò bá sì tíì dé, ṣéènì á dẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì lẹ́yìn oorun gígùn, kò burú. Ṣùgbọ́n bó bá ń fà á, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ṣéènì tó bá fo eyín, fáàfù lè kọlu pístìn, ẹ́ńjìnnì á sì di irin àlòkù.

Gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ tó ń dún bí igbá òfìfo, tó ń rọlẹ̀ bí ara ẹ́ńjìnnì ṣe ń móoru, pístìn tó ti gbó díẹ̀ ni. Ooru ló ń mú un wú títí yóò fi kún inú ilé rẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀hún ṣì lè rìn jìnnà, ẹ yọ ọ́ nínú owó rẹ̀ ni.

Èyí tí mò ń bẹ̀rù ni gbì! gbì! láti ìsàlẹ̀. Ó lè má fi bẹ́ẹ̀ dún ní òtútù, torí ọ́ìlì ṣì ki. Bí ọ́ìlì bá ti gbóná tó sì ṣàn, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn mẹkáníìkì wa á ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì. Ariwo oorun ń bá ooru lọ, ariwo àìsàn ń bá ooru dé. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ní láti bá a ní tútù, kí ẹ sì dúró tì í títí yóò fi gbóná dáadáa. Àwọn kan á ti da ọ́ìlì kíki, 20W-50, sínú ẹ́ńjìnnì tó ń fẹ́ 5W-30, kí ohùn lè bọ́ sábẹ́. Ẹ fa gééjì yọ, kí ẹ fọwọ́ pa ọ́ìlì wò. Bó bá rí bí kọfí oníwàrà, omi ti wọ̀ ọ́, ẹ máa lọ sílé.

Tó bá jẹ́ mọ́tò tiyín ni, tí ẹ gbé kalẹ̀ fún ẹbí tí ẹ fi lọ sílùú òyìnbó, ti yín yàtọ̀. Ẹ wo ilé fíltà afẹ́fẹ́ bóyá eku ti bímọ síbẹ̀. Ẹ pa ọ́ìlì dà. Ẹ yọ fíúùsì pọ́ǹpù epo, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́ bí ìgbà mẹ́ta, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ẹ máa sinmi láàárín. Ẹ́ńjìnnì á yí láìjẹ epo, ọ́ìlì á gòkè. Ẹ dá fíúùsì padà, kí ẹ wá ṣáná sí i. Bí iná ọ́ìlì pupa kò bá kú lójú ẹsẹ̀, ẹ pa á.

Mo bá àbúrò mi obìnrin lọ wo ọ̀kan. Mẹkáníìkì wa, ọmọ Ifẹ̀ Atakpamé, kò tilẹ̀ kí ẹni tó ń ta mọ́tò tán tó fi tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé bọnẹ́ẹ̀tì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lọ. Ó ti jí ká tó dé.” Ọ̀gá náà ní òun kàn gbé e kúrò nínú oòrùn ni. Kùrukùru òwúrọ̀ ni, oòrùn ò tíì yọ.

Ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà ò tíì lù, ọlọ́dẹ ṣì wà nínú aṣọ ìbora. Tútù ni bọnẹ́ẹ̀tì. Ọlọ́dẹ ṣáná sí i fún wa, ṣéènì bẹ̀rẹ̀ wàrà-wàrà, mo kà á dé mẹ́jọ kó tó dákẹ́. Àbúrò mi gbà á sórí fóònù. Nígbà tí ọ̀gá dé pẹ̀lú orín lẹ́nu, àbúrò mi tẹ fóònù fún un. Ọ̀gá gbọ́ ọ títí dé òpin, ó yọ orín, ó ní, “Èló lẹ fẹ́ san gan-an?”